Ewé Oníkòkò Mẹ́ta Dókítà

Sátidé, 26 Nòfẹ́ńbà 1988

“Bísí! Ìwọ Ọlábísí! Ṣé orí ẹ pé ṣá? Omi òjò tí mo ń gbà sí dírọ́ọ̀mù láti oṣù kẹsàn-án, ìwọ ń bù ú fún koríko mu! Kí n wá máa fi omi kànga pupa yìí ṣan sùtánà ọmọ ìjọ, kó dà bí àkísà mẹkáníìkì! Tí mo bá tún rí kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ẹ nídìí dírọ́ọ̀mù yìí, ìwọ àti koríko ẹ, gáréèjì Okoko lẹ máa sùn!”

Bí Àǹtí Àyọ̀ká tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n ń rán aṣọ ìjọ, ṣe pariwo lé mi lórí láàárọ̀ yìí nìyẹn. Mo kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, mi ò bù mọ́ ọn. Gbogbo ojúlé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló gbọ́. Kì í ṣe koríko. Ó wù mí kí n sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo kàn fajú ro ni, mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé. Mi ò jẹ ẹ̀kọ àárọ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí kí n jẹ ẹ́, ìyẹn ló wá dùn mí jù.

Àná ni mo gbé àwọn ewé mẹ́ta náà dé láti Ìbà, látọ̀dọ̀ Dókítà Dúrósinmí tí mo máa ń fọṣọ fún ní Sátidé. Ọ̀rọ̀ ewéko ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì. Wọ́n ti lọ sí Ìbàdàn fún iṣẹ́ abẹ ìbàdí, wọn ò ní padà kó tó di oṣù kẹta. Ọ̀rẹ́ wọn kan ló fi ewé yìí ránṣẹ́ láti ìlú Màléṣíà. Orí ewé kọ̀ọ̀kan gùn di okùn, okùn náà sì so ìkòkò kékeré kan rọ̀, tòun ti ìdérí ẹ̀. Kòkòrò tó bá tẹ ètè ìkòkò yẹn á yọ̀ jábọ́ sínú omi tó wà nísàlẹ̀, ó parí. Ewé á mu ún bí ọbẹ̀.

Bí Dókítà ṣe ń wọ ọkọ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú. “Bísí, omi òjò nìkan. Kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Omi tí nǹkan mìíràn bá ti wà nínú ẹ̀, ó máa ń jó gbòǹgbò wọn. Má sì bọ́ wọn, wọ́n á wá tiwọn jẹ.” Wọ́n ní tí àwọn bá dé tí àwọn bá a láàyè, àwọn máa mú mi wọ ọgbà ewéko tí àwọn fẹ́ dá sílẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì àwọn, kí n máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí n máa gbowó oṣù. Wọn ò ní béèrè ìwé ẹ̀rí kankan. Èmi tí mo kúrò níléèwé ní JSS 2, tí mo ń fi ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi kọ èyí.

Ẹ̀rù ń bà mí débi pé mi ò lè sọ ọ́ fún Àǹtí mi. Wọ́n rò pé mo kàn ń bá olówó tọ́jú òdòdó ni.

Mọ́ńdè, 28 Nòfẹ́ńbà

Bàbá Sàlámì tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, tí wọ́n ń ṣájì bátìrì ọkọ̀ ní jọ́ńṣọ̀n Okoko, dá mi dúró lójú ọ̀nà ilé ìwẹ̀.

“Bísí, mo gbọ́ pé ewé ẹ ń jẹran.”

“Kòkòrò ló ń jẹ, sà.”

“Kòkòrò kì í ṣe ẹran lójú ẹ? Ó dáa. Ewé tìẹ ń jẹran, ewúrẹ́ tèmi ń jẹ ewé. Jẹ́ ká so àwọn méjèèjì pọ̀ ká wo ta ló máa kọ́kọ́ jẹ ìkejì.”

Mo rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi pé mo rẹ́rìn-ín. Mo ti gbé wọn sórí àpótí gíga nítorí ewúrẹ́ yẹn.

Sátidé, 3 Dìsẹ́ńbà

Ìkòkò tuntun kan ṣí ìdérí ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Lánàá ó ṣì dì pa. Ètè ẹ̀ pupa bíi ti ọlọ́mọge tó ń lọ òde. Mo dúpẹ́.

Wẹ́sìdè, 7 Dìsẹ́ńbà

Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Dókítà ní kí n má bọ́ wọn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo já ẹja díndín mi, mo sọ ọ́ sínú ìkòkò tó tóbi jù. Ó kàn ṣe mí bíi kí n fún wọn ní nǹkan ni. Mo rò pé bí ẹ̀dá bá jẹun tó dáa, á yára dàgbà. Lónìí ìkòkò náà ti rà, ó ń rùn, ó dúdú títí dé ọrùn. Mo gé e kúrò, mo rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn kànga kí ẹnikẹ́ni tó jí.

Gbogbo ìkòkò tó kù jẹ́ mẹ́tàlá. Mi ò ní bọ́ nǹkankan mọ́ láyé mi àfi tó bá ní ẹnu.

Sọ́ńdè, 11 Dìsẹ́ńbà

Láti ọjọ́ tí Àǹtí mi ti pariwo, ìrì tó ń sẹ̀ sórí páánù òrùlé ni mo fi ń bomi rin wọ́n. Mo máa ń fi fóòmù fà á, mo máa ń fún un sínú agolo. Kò ju ìdajì kọ́ọ̀pù lọ. Mo rò pé kò sẹ́ni tó rí mi lórí àga láàárọ̀ kùtùkùtù. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lónìí, Àǹtí mi pè mí sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn.

“Kọ́ọ̀pù mélòó ni wọ́n ń mu lóòjọ́?”

“Méjì, mà.”

“Méjì. Ìwọ gan-an, nígbà tí wọ́n gbé ẹ wá fún mi lọ́mọ ọdún mẹ́ta, o ò mumi tó bẹ́ẹ̀.” Wọ́n fi eyín já òwú. “Kérésì ti dé tán, sùtánà pọ̀ nílẹ̀. Bá mi ṣẹ́ etí sùtánà mẹ́rin lóòjọ́. Kí o fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ, kó má wọ́ o. Bu kọ́ọ̀pù méjì. A ti dọ́gba.”

“Ẹ ṣé, mà.”

“Àti àga tí o ń gùn yẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti yẹ̀. Tí o bá já bọ́, ta ni màá rán lọ ra òwú ní Alábà?”

Wọ́n ti rí mi láti ọjọ́ yìí wá. Ojú tì mí, inú mi sì dùn. Mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Wẹ́sìdè, 21 Dìsẹ́ńbà

Sùtánà méjìlélógún la gbọ́dọ̀ parí kí Sátidé tó dé. Yáàdì aṣọ funfun ti di náírà mẹ́fà. Ìka mi ti lu bí ajọ̀. Àwọn ewé wà dáadáa.

Sátidé, 31 Dìsẹ́ńbà

Ọyẹ́ ti dé pátápátá. Ètè mi bó, ẹsẹ̀ mi là. Tàwọn ewé ló burú jù, ètè ìkòkò wọn ń gbẹ di pépà láti òkè wá sísàlẹ̀. Mo gé wẹ́wẹ́ aṣọ sùtánà tó ṣẹ́kù, mo rẹ ẹ́ sómi kànga, mo fi okùn ta á yí àpótí wọn ká kí atẹ́gùn tó ń fẹ́ lù wọ́n lè tutù. Omi kànga ò kúkú kan gbòǹgbò wọn. Kò pẹ́ tí gbogbo aṣọ náà fi pọ́n.

Bàbá Sàlámì kọjá, wọ́n ní, “Ẹ wo mọ́ṣáláṣí kékeré.” Àǹtí mi dá wọn lóhùn láti inú yàrá pé, “Ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹ bọ́ bàtà yín.”

Ó kéré tán, ẹ̀rín wà nílé. Ọdún ń parí, kò sẹ́ni tó kú nínú wa. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, àní bí inú mi ò tiẹ̀ dùn.

Mọ́ńdè, 9 Jánúárì 1989

Dírọ́ọ̀mù ti fẹ́ gbẹ. Omi tó kù nísàlẹ̀ ẹ̀, ìdin ẹ̀fọn ń jó nínú ẹ̀. Mo fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ó yẹ kí Àǹtí mi gbé e fi ṣan aṣọ ìyàwó Olùṣọ́ ìjọ wa, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn á lọ bẹ̀bẹ̀ omi lọ́dọ̀ ẹni tó ní tánkì ní Àjàngbádì. Wọ́n ru korobá lọ, wọ́n ru ú bọ̀.

Ìkòkò mẹ́fà ló kù tó ṣì ní omi nínú. Mo sunkún lẹ́yìn ilé. Mo rò pé mo dá wà níbẹ̀.

Sátidé, 14 Jánúárì

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ èyí.

Àǹtí mi rán mi lọ sí Nefí Táùn, kí n gbé sùtánà mẹ́ta lọ fún ìyàwó sójà orí omi kan. Obìnrin náà ní kí n dúró kí òun wọ̀ ọ́ wò. Ó pẹ́ kí n tó rí ọkọ̀ padà. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo dé. Àǹtí mi ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn ń dán bí ẹni tó fẹ́ fún èèyàn lẹ́bùn.

“Má sunkún mọ́. Mo ti bá ẹ ṣe é.”

“Ẹ ṣe kí ni, mà?”

“Ewé ẹ. Mo rí ẹ lọ́jọ́ yẹn tí o ń sunkún lẹ́yìn ilé, kò tán lọ́kàn mi. Mo lọ gba omi àdúrà lọ́dọ̀ Olùṣọ́, mo bu iyọ̀ sí i, mo kúnlẹ̀ tì wọ́n. Wákàtí kan gbáko ni mo fi gbàdúrà. Mo wá da omi náà sí ìdí wọn, wọ́n mu ún yó. Wò ó, ó ti pẹ́ tí mo ti gbàdúrà báyẹn.”

Orúnkún wọn ṣì dọ̀tí yẹ̀pẹ̀. Agolo omi náà wà nílẹ̀ lófìfo, iyọ̀ díẹ̀ ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Bí a ṣe máa ń ṣe é náà nìyẹn. Tí ibà bá mú mi, omi oníyọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń wẹ̀ mí láti kékeré, ara mi sì máa ń yá.

Èmi ni mi ò sọ fún wọn. Mo sọ pé omi òjò nìkan ni wọ́n ń mu, ṣùgbọ́n mi ò sọ ìdí ẹ̀ rí. Mo rò pé tí mo bá ṣàlàyé jù, wọ́n á ní mo ń ṣe bí ọ̀mọ̀wé.

Mo ní, “Ẹ ṣé, mà.”

Mọ́ńdè, 16 Jánúárì

Etí ewé gbogbo ti ń pọ́n bí ẹni pé iná jó wọn. Kò sí omi òjò. Kò sí ẹni tó ní in ní gbogbo àdúgbò, mo ti kan ilẹ̀kùn dé Ìbà. Nígbà tí mo dé jọ́ńṣọ̀n, ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ìdí tábìlì Bàbá Sàlámì.

“Kí ló dé tí ojú ẹ rí bí ẹni tó mu ásíìdì?”

“Omi iyọ̀ ló dà sí ewé mi, sà. Mo fẹ́ fi omi tó mọ́ bí òjò ṣàn án, mi ò rí.”

“Ta ló dà á?”

Wọ́n wò mí títí, wọn ò bi mí mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, wọ́n fa jẹ́rí-káànù funfun kan jáde.

“Dístílì nìyí. Òun la fi ń kún bátìrì. Wọ́n sè é títí ó fi di ooru, wọ́n wá gba ooru yẹn padà di omi. Kò sí nǹkankan nínú ẹ̀.”

Mo sún sẹ́yìn. “Ásíìdì kọ́ nìyẹn, sà?”

“Ásíìdì wà lọ́hùn-ún. Bátìrì ọdún mélòó ni mo ti ń ṣájì tí mi ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀?” Wọ́n da díẹ̀ sí ìdérí, wọ́n gbé e mì. “Tí mo bá kú, sọ fún Ìyá Sàlámì pé ewé ló pa mí. Á gbà á gbọ́.”

Mo rántí pé Dókítà ti sọ irú omi yẹn fún mi nígbà kan, pé ó wà nínú ìgò ní yàrá iṣẹ́ àwọn, pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀ àti òjò. Mo gbé jẹ́rí-káànù náà rù dé ilé. Bàbá Sàlámì ò jẹ́ kí n san kọ́bọ̀.

Èèpo àgbọn tí wọ́n fi gbìn wọ́n ni mo ṣàn, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí omi tó ń jò nísàlẹ̀ kò fi dùn bí iyọ̀ lẹ́nu mi mọ́. Àǹtí mi ń wò mí. “O ò jẹ́ kí àdúrà náà ṣiṣẹ́ ni?” Mo ní mo kàn ń fi omi tútù kún un ni.

Wẹ́sìdè, 18 Jánúárì

Mo tún gba dístílì. Mo tún ṣàn án.

Fúráìdè, 27 Jánúárì

Ọ̀kan ti kú. Ó dúdú látòkè délẹ̀, mo fà á, ó tẹ̀ lé mi lọ́wọ́ bí ẹni pé kò ní gbòǹgbò rí.

Sọ́ńdè, 29 Jánúárì

Ìkejì. Èyí tó kù kò ní ìkòkò kankan, ewé méjì péré ló ṣẹ́ kù sí i lára, wọ́n sì rọ.

Àǹtí mi rí mi nígbà tí mo gbé òkú ewé náà kọjá. Wọ́n kàn da ìbòrí bo ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n sùn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Tọ́sìdè, 2 Fẹ́búárì

Nǹkan kan yọ láàárín ewé méjèèjì. Kò tó ẹyọ ìrẹsì. Àwọ̀ ewé ni. Mo pe Àǹtí mi kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí i, nítorí mi ò gba ojú tèmi gbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu wọn.

Sọ́ńdè, 5 Fẹ́búárì

Àǹtí mi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Mi ò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ṣe é. Mo kàn rí i pé wọ́n dìde láàárín àwọn ìyá, wọ́n lọ dúró níwájú. Àwọn tó ń bá wọn ránṣọ gan-an kì í gbọ́ ohùn wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n ní, “Ẹ̀yin tó mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mo bí méjì. Mo gbàdúrà lórí èyí àkọ́kọ́, ó kú. Mo gbàdúrà lórí èkejì, èmi náà ni mo gbé e lọ sin. Láti ìgbà yẹn, tí wọ́n bá ní ká gbọ́wọ́ lé aláìsàn, mo máa ń fi tèmi pa mọ́ sẹ́yìn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú oṣù tó kọjá, mo gbọ́wọ́ lé nǹkan kan tó ń kú lọ nílé mi. Méjì lọ nínú ẹ̀. Mo ní, ó tún ti dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta dìde. Èyí ni àkọ́kọ́ tí mo máa gbàdúrà lé lórí tó máa dìde. Ẹ bá mi dúpẹ́.”

Ẹnì kan lẹ́yìn mi béèrè pé ọmọ ta ni. Wọ́n ní ewé ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Olùṣọ́ ní kí Àǹtí mi wá gbọ́wọ́ lé ọmọ kan tí ikọ́ ń ṣe, wọ́n sì gbọ́wọ́ lé e.

Mi ò lè jẹun ọ̀sán. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Sọ́ńdè, 19 Fẹ́búárì

Ewé mẹ́ta. Okùn ti ń yọ lórí ìkẹta.

Tọ́sìdè, 2 Máàṣì

Òjò, òjò gidi. Gbogbo ojúlé jáde pẹ̀lú bàsíà. Àǹtí mi ti abọ́ aláwọ̀ ewé wọn tó mọ́ jù síta kí wọ́n tó ti dírọ́ọ̀mù. “Ti ewé lákọ̀ọ́kọ́ nìyẹn,” ni wọ́n sọ, omi ń ṣàn lójú wọn. Ewúrẹ́ Bàbá Sàlámì sá wọlé wa. Mo dúpẹ́, mo dúpẹ́, mo dúpẹ́.

Tọ́sìdè, 9 Máàṣì

Ìkòkò kan. Ó kéré bí ìka ọmọdé, ó sì ti ṣí. Èèrà méjì wà nínú ẹ̀.

Sátidé, 11 Máàṣì

Dókítà ti dé. Mo gbé ewé náà lọ sí Ìbà lónìí, ní ẹsẹ̀, kí ọkọ̀ má baà gbọ̀n ọ́n. Wọ́n ń fi ọ̀pá rìn, wọ́n ti rù. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n jókòó, wọ́n gbé e sórí itan.

“Ọ̀kan yè.”

“Ẹ jọ̀wọ́, mà.”

“Bísí, kí lò ń bẹ̀ mí sí? Kí àwọn mẹ́ta yẹn tó dúró, márùn-ún ló kú mọ́ èmi olùkọ́ lọ́wọ́.” Wọ́n fi ìka kan ìdérí ìkòkò náà. “Nínú ọyẹ́ nílé pákó, kó tún so ìkòkò. O káre láé.”

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Wọ́n wá ní, “Ṣùgbọ́n ohun tó pa àwọn méjì yẹn, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ọyẹ́, mo mọ bí ọyẹ́ ṣe ń pa ewé. Ẹni tó máa bá mi wọ ọgbà, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ máa sọ fún mi. Tí a ò bá mọ ohun tó pa wọ́n, a máa tún pa òmíràn. Lọ ronú. Mọ́ńdè kí o wá sọ ọ́, kí o sì mú Àǹtí ẹ dání. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lójúkojú.”

Sọ́ńdè, 12 Máàṣì

Àwọn ìyá méjì wá sílé wa lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbé ọmọ wá kí Àǹtí mi gbọ́wọ́ lé wọn. Àǹtí mi kì í fi ọwọ́ wọn pa mọ́ mọ́. Ọmọ oníkọ́ yẹn ń sáré kiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú àpótí ewé tó ti ṣófo dé.

Mo ti ronú bí Dókítà ṣe ní kí n ronú. Tí mo bá ní ọyẹ́ ni, irọ́ ni, wọ́n á sì mọ̀. Tí mo bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, Àǹtí mi á wà níbẹ̀, lórí àga, wọ́n á gbọ́ ọ létí ara wọn pé ọwọ́ tí wọ́n gbé lé wọn yẹn náà ló pa méjì.

Iyọ̀ ló pa wọ́n. Ìyẹn ni màá sọ fún Dókítà, wọ́n á mọ̀ ọ́n, wọn ò ní tún pa òmíràn. Ọwọ́ tó dà á nìkan ni màá pààrọ̀. Màá ní èmi ni mo bu omi oníyọ̀ tó pọ̀ jù sí wọn láìmọ̀. Àǹtí mi á rò pé mo tún da tèmi sí i lẹ́yìn àdúrà wọn, wọ́n á bá mi jà tí a bá délé, ẹ jẹ́ kí wọ́n jà. Tí Dókítà bá ní ẹni tí kò mọ omi kan yàtọ̀ sí ìkejì ò lè wọ ọgbà àwọn, màá padà sídìí etí sùtánà. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣẹ́ dáadáa báyìí, kì í wọ́ mọ́.

Bàbá Sàlámì ò ní gbọ́ ẹni tó dà á. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ.

Àǹtí mi wà lẹ́yìn kọ́tìnnì báyìí, wọ́n ń lọ sùtánà tí wọ́n máa wọ̀ lọ kí Dókítà. Mo ń gbọ́ bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń kọjá lórí aṣọ, lọ, bọ̀. Wọ́n bi mí bóyá kí àwọn gbé bẹ́líìtì aláwọ̀ ojú ọ̀run sí i. Mo ní kí wọ́n gbé e sí i, pé ó máa yẹ wọ́n.